Pàṣípààrọ̀ Àwọn Ọ̀dọ́: Báwo Ni A Ó Ṣe Mọ Èyí Tí Ó Ṣe Rere?

  Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oṣù kan tí òbí kan kò ní mú ìwé wá fún mi pé kí n bá òun bu ọwọ́ lù ú. Ìwé náà yóò sọ pé a ti yan ọmọ òun láti lọ sí òkè òkun nínú ètò pàṣípààrọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Òmíràn jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òmíràn sì jẹ́ ti ọdún kan gbáko. Òmíràn kò bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òmíràn ń bèèrè owó tí baba ní láti ta ilẹ̀ kí ó tó lè san án. Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi mí kò ju ẹyọ kan lọ: “Fádà, ṣé ó dára?” Ìdáhùn ìbéèrè yìí ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ, ìdí nìyí tí mo fi mú un wá sórí afẹ́fẹ́.

Àwọn àgbà wa kò kórìíra ìrìnàjò. Àwọn ni wọ́n sọ pé bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a dé oko, ọ̀tọ̀ ni kí a mọ ohun tí a rí níbẹ̀, ọ̀tọ̀ sì tún ni ohun tí a bá mú bọ̀ wálé. Bí a bá fẹ́ mọ iye tí irú ètò bẹ́ẹ̀ tó, ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ní láti gbé lé orí ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Ogun ni ó bí i. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Amẹ́ríkà yọ̀ǹda ara wọn láti máa fi ọkọ̀ gbé àwọn ọmọ ogun Faransé tí ó fara gbọgbẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Orúkọ ẹgbẹ́ wọn ni American Field Service, tí a ń pè ní AFS. Wọ́n tún ṣe iṣẹ́ kan náà nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí ìbọn dákẹ́, àwọn tí wọ́n ti gbé ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ àti òkú wọ̀nyí pinnu pé ó sàn kí a mú àwọn ọmọ oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pàdé ara wọn kí wọ́n tó dàgbà tó ẹni tí a ń fi ìbọn lé lọ́wọ́. Ní 1947, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 52 láti orílẹ̀-èdè 10 dé sí Amẹ́ríkà lábẹ́ ètò náà.

Àpẹẹrẹ tí ó tóbi ju èyí lọ ni ti ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Jámánì. Láàárín ọdún 75 péré, láti 1870 sí 1945, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn méjèèjì gbógun ti ara wọn. Charles de Gaulle, tí ó wá di Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì láti 1916 títí ogun fi parí ní 1918. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó dúró ní ìlú Ludwigsburg ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án 1962, tí ó fi èdè Jámánì bá àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìn-ín-ní 1963, òun àti Konrad Adenauer, olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Jámánì nígbà náà, fọwọ́ sí àdéhùn ọ̀rẹ́ ní Paris. Ní oṣù Keje ọdún kan náà ni wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ fún pàṣípààrọ̀ àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì. Láti ìgbà náà wá, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti kópa nínú rẹ̀ ju mílíọ̀nù 9 lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí bí wọ́n ti ṣe é. Ìjọba méjèèjì ń dá owó tí ó dọ́gba sí i, kò sí ẹni tí ó ń ṣe ìtọrẹ àánú fún ẹnìkejì. Bí ọmọ Faransé ti ń lọ ni ọmọ Jámánì ń bọ̀. Kì í sì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nìkan: àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ wà nínú rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ eléré ìdárayá náà sì wà níbẹ̀. Kí ìjọba tilẹ̀ tó dá sí i ni àwọn ará ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Láti 1950 ni ìlú Ludwigsburg yẹn àti ìlú Montbéliard ní ilẹ̀ Faransé ti di ìlú ọ̀rẹ́, ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn ogun, nígbà tí ọgbẹ́ ṣì tutù.

Ṣé ètò yìí ni ó wá fi òpin sí ogun láàárín wọn? Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti ṣe àsọdùn. Wọ́n ti da òwò èédú àti irin wọn pọ̀ láti 1951, wọ́n sì bá àwọn mìíràn dá ọjà àpapọ̀ sílẹ̀ ní 1957. Ẹni tí ó ń bá ọ pín èrè ọjà kò ní í yára dáná sun ṣọ́ọ̀bù rẹ. Bákan náà, pẹ̀lú gbogbo mílíọ̀nù ọ̀dọ́ tí ó ti lọ tí ó sì ti bọ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé tí ń kọ́ èdè Jámánì ní ilẹ̀ Faransé ti dínkù púpọ̀ sí ti àtijọ́. Síbẹ̀, àwọn òṣèlú lè fọwọ́ sí ìwé, àwọn oníṣòwò sì lè pín èrè. Ẹni tí yóò sọ fún ìyá rẹ̀ ní ilé pé, “Mo ti bá wọn sùn, mo ti bá wọn jẹun, ènìyàn bí tiwa ni wọ́n,” àfi ọmọ tí ó lọ. Iṣẹ́ tí pàṣípààrọ̀ ń ṣe nìyẹn.

Báwo ni a ó wá ṣe mọ̀ bóyá ó ń ṣe iṣẹ́ náà lóòótọ́? Ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbára lé ni ti ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Yóò ní ohun gbogbo dára, yóò fi fọ́tò hàn wá, gbogbo wa yóò sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí a bi ara wa: irú ọmọ wo ni ó lọ? Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ tí ara rẹ̀ yá mọ́ ènìyàn, tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tí baba rẹ̀ sì rí jájẹ, ni a yàn, tí ó wá padà dé pẹ̀lú ọ̀yàyà, a kò lè fi gbogbo ọ̀yàyà náà fún ìrìnàjò. Ẹni tí ó mọ eré sá tẹ́lẹ̀ bá wọ bàtà tuntun, ó gba ipò kìn-ín-ní. Ṣé bàtà ni ó sáré?

Àwọn onímọ̀ ti fi ojú inú wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2013, Julia Zimmermann àti Franz Neyer, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn ní Jena ní ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ju 1,000 lọ. Wọ́n fi àwọn tí ó lọ sí òkè òkun wé àwọn tí ó jókòó sílé, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò ṣáájú ìrìnàjò àti lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn tí ó lọ ti yàtọ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé ìrìnàjò fi nǹkan kún wọn: ọkàn wọn ṣí sí ohun tuntun, wọ́n túbọ̀ bá ènìyàn rẹ́, àníyàn wọn sì dínkù. Kí ni ó fà á? Kì í ṣe afẹ́fẹ́ òkè òkun. Àwọn ènìyàn tuntun tí wọ́n bá dọ́rẹ̀ẹ́ ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yìí ní òfin tirẹ̀. Láti 1954 ni Gordon Allport, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, ti kọ ọ́ pé kí àwọn ènìyàn méjì kàn rí ara wọn kò tó láti pa ìkórìíra. Ó ní àfi kí wọ́n pàdé gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, láìsí ọ̀gá láìsí ẹrú. Kí wọ́n ní ohun kan náà tí wọ́n ń lépa. Kí wọ́n jọ fi ọwọ́ kan ṣe é. Kí àwọn aláṣẹ sì fọwọ́ sí i. Ní 2006, Thomas Pettigrew àti Linda Tropp kó ìwádìí 515 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé ìpàdé láàárín ẹ̀yà àti ẹ̀yà máa ń dín ẹ̀tanú kù, ó sì máa ń dín in kù jù níbi tí àwọn ohun tí Allport sọ bá wà.

Ẹ jẹ́ kí a fi òfin yìí wo ètò kan tí gbogbo ayé mọ̀. Ní 1987 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ètò Erasmus, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi oṣù díẹ̀ tàbí ọdún kan kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ mìíràn. Orílẹ̀-èdè 11 ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 3,244 ni ó sì lọ ní ọdún àkọ́kọ́. Lónìí a ń ka àwọn tí ó ti lọ ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù. Nínú ìròyìn tí àwọn aláṣẹ Yúróòpù gbé jáde ní 2014, ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé ibẹ̀ ni àwọn ti pàdé ẹni tí àwọn ń fẹ́. Àwọn aláṣẹ náà tilẹ̀ fojú bù ú pé ó tó mílíọ̀nù kan ọmọ tí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ti mú wá sí ayé láti 1987. Ẹ ò rí i pé pàṣípààrọ̀ kan ti kọjá ti ìwé kíkà!

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Ní 2010, Emmanuel Sigalas tẹ ìwádìí tirẹ̀ jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Erasmus. Ó rí i pé èdè wọn dára sí i, ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n lò lẹ́yìn odi kò mú kí wọ́n ka ara wọn sí ọmọ Yúróòpù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bá àlejò ẹgbẹ́ wọn rìn, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ súnmọ́ onílé. Ní 2012, Theresa Kuhn fi kún un pé ètò náà ń ṣìnà ní ibi kan: àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó ń rán lọ, àwọn tí ọkàn wọn ti ṣí tẹ́lẹ̀, nígbà tí àwọn tí kò kàwé púpọ̀, tí ìrìnàjò ìbá yí padà jù lọ, ń jókòó sílé.

Ẹ̀yin ará mi, èyí kò yẹ kí ó ya àwa tí a wà ní Òkè Ọya lẹ́nu. Mélòó nínú wa ni ó ti lo ọgbọ̀n ọdún níhìn-ín tí kò jókòó jẹun rí nínú ilé ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá? A ń gbé Sabon Gari. A gbọ́ Hausa tó láti ná ọjà, kò tó láti bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn. Bí ọjọ́ Àìkú bá dé, ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni a ń lọ. Ara wa kúrò nílé, ọkàn wa kò kúrò. Nígbà tí ìjọba Yakubu Gowon dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ ní 1973, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ogun abẹ́lé, èrò kan náà ni ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ti Faransé àti Jámánì. Gbogbo wa sì mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àgùnbánirọ̀ tí ó gbé láàárín àwọn ará abúlé tí ó kọ́ èdè wọn, àti èyí tí ó wá ọ̀nà kí wọ́n gbé òun padà sí ìtòsí ilé. Àwọn méjèèjì gba ìwé ẹ̀rí kan náà.

Ibi kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti le ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì fẹ́ kí àwọn òbí fetí sílẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2011, ní ìlú Palmyra ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti òkè òkun da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n bọ́ sí ìta, wọ́n ń pariwo. Àwọn ọmọ Ṣáínà, Romania àti Ukraine wà nínú wọn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Físà pàṣípààrọ̀ àṣà ni wọ́n fi wọlé. Wọ́n ti san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là kí wọ́n tó dé, wọ́n rò pé àwọn yóò rí bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń gbé, wọn yóò sì gbọ́ èdè sí i. Nígbà tí wọ́n dé, ibi tí a ti ń di ṣokoléètì sínú páálí ni a kó wọn sí. Wọ́n ń gbé ẹrù wúwo, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, a sì ń yọ owó ilé kúrò nínú owó iṣẹ́ wọn. Ní 2012 ni ìjọba Amẹ́ríkà yí òfin ètò náà padà, tí ó sì ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún wọn. Orúkọ pàṣípààrọ̀ ni a pè é, ṣùgbọ́n kí ni a pààrọ̀ níbẹ̀? Agbára ọ̀dọ́ ni a gbà, a kò fún wọn ní ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo.

Mi ò sọ èyí kí ẹ lè máa bẹ̀rù gbogbo ìwé. Àwọn èyí tí ó dára wà. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2001, ìjọba Amẹ́ríkà dá ètò kan tí a ń pè ní YES sílẹ̀ ní 2002, láti mú àwọn ọmọ ilé ìwé girama wá láti àwọn orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Ó fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọdún kan, wọ́n sì ń gbé pẹ̀lú ìdílé. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti lọ nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Kánádà, Jacques Hébert dá Canada World Youth sílẹ̀ ní 1971. Nígbà tí ètò yẹn ṣì wà, ìlànà rẹ̀ wù mí púpọ̀: wọn a so ọmọ Kánádà kan pọ̀ mọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn kan. Àwọn méjèèjì a jọ gbé fún oṣù díẹ̀ ní Kánádà, wọn a tún jọ gbé fún oṣù díẹ̀ ní ilẹ̀ ẹnìkejì, wọn a sì jọ máa ṣe iṣẹ́ ìlú. Lónìí ìwọ ni àlejò, lọ́la èmi ni. Ẹni tí ó bá ti rí i bí ara rẹ ti ń ni ọ́ nígbà tí o kò gbọ́ èdè, tí òun náà sì ti jẹ ìyà kan náà ní ilẹ̀ rẹ, ẹni yẹn kò ní í fi ojú tálákà wò ọ́ mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ méjèèjì fi ń mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ìwé bá tún dé ọwọ́ yín, ohun márùn-ún ni kí ẹ bèèrè kí ẹ tó bá mi dé ọ́fíìsì.

Èkíní, ta ni ó ń gba owó, kí ni ó sì ń fi í ṣe? Ètò tí ó bá ń fi ìkánjú bèèrè owó, tí kò lè sọ orúkọ ilé ìwé tàbí ibi iṣẹ́ tí ọmọ ń lọ, ẹ dá ìwé rẹ̀ padà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Èkejì, ilé ta ni ọmọ yóò sùn sí, ta ni yóò sì ké sí bí wàhálà bá dé? Ẹ má fi ọmọ ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí kò sí ènìyàn níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ta ni ó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ tiwa? Bí àwọn ọmọ wa nìkan bá ń lọ, tàbí tí àwọn ọmọ tiwọn nìkan bá ń bọ̀ wá kun ilé ìwé wa ní ọ̀dà, tí wọn kò sì bèèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò tíì di pàṣípààrọ̀.

Ẹ̀kẹrin, irú ọmọ wo ni a yàn? Àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Nígbà tí àyè kan bá ṣí, ọmọ alága ni a máa ń kọ́kọ́ rántí. Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ káfíńtà náà, àti ọmọbìnrin tí ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, tí kò tíì kọjá odò Ọya rí.

Ìkarùn-ún, kí ni ọmọ náà yóò padà wá ṣe? Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan ní i lọ́kàn pé kí ọmọ má padà wá mọ́. Ohun tí àwọn ọmọ wa ń pè ní jápa nìyẹn. Mi ò ní dá ẹni tí ìyà ń jẹ lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣí lọ, kí ó gba ọ̀nà àwọn tí ń ṣí lọ. Ọmọ tí ó bá fi ìwé pàṣípààrọ̀ lọ tí kò sì padà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ojú àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí àwọn yẹn bá dé ibi tí a ti ń bèèrè físà, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni a ó máa fi dá wọn lóhùn.

Nígbà tí ọmọ bá sì dé, ẹ má ṣe àpèjẹ nìkan kí ẹ wá gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí ọdún kan kọjá, kí ẹ wá bi í léèrè: orúkọ ta ni o lè pè níbẹ̀ tí ẹ ṣì jọ ń sọ̀rọ̀? Kí ni o gbà gbọ́ nípa wọn tẹ́lẹ̀ tí o kò gbà gbọ́ mọ́? Kí ni o sọ fún wọn nípa tiwa tí wọn kò mọ̀? Ọmọ tí ó bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó ìrìnàjò rẹ̀ kò ṣòfò. Bí kò bá rí ìdáhùn sí ọ̀kankan, fọ́tò ni a lọ yà.

Ó ku iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè bẹ̀rẹ̀ láìgba físà. Ìdílé kan wà ní àdúgbò rẹ tí èdè wọn kì í ṣe tìrẹ, tí ọmọ wọn sì jẹ́ ojúgbà ọmọ rẹ. Nígbà ìsinmi ilé ìwé tí ń bọ̀, jẹ́ kí ọmọ wọn wá lo ọjọ́ díẹ̀ nílé rẹ, kí tìrẹ náà lọ lo ọjọ́ díẹ̀ nílé wọn. Bí àyà rẹ bá já láti ṣe èyí, á jẹ́ pé o ti rí ìdí tí ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ fi ṣòro láàárín orílẹ̀-èdè àti orílẹ̀-èdè.

 Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí, àwọn tí ó wà nílé àti àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.